Iléṣà dé Adó-Èkìtì lórí kẹ̀kẹ́: ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ni ká gbà ni, àbí ká gba ojú ogun Kírìjì?

AyọOríKẹ̀kẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè wà lẹ́nu mi. Àwa mélòó kan tá a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ n'Íbàdàn fẹ́ kó kẹ̀kẹ́ wa sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Fráídè kan nínú oṣù kọkànlá, ká sùn síbẹ̀, ká wá fi Sátidé àti Sọ́ńdè gùn ún dé Adó-Èkìtì. A ò bá ẹnikẹ́ni sáré o. Ohun tá a ń wá ni òkè tó máa dán ẹsẹ̀ wò, odò téèyàn lè dúró wò, àti ìlú àtijọ́ tó nítàn, torí a ti gun ọ̀nà Ìwó àti ọ̀nà Ọ̀yọ́ títí, ojú wa ti mọ́ gbogbo kòtò ibẹ̀.

Ọ̀nà tí mo rí lórí Google Maps ni pé ká gba Ìwàràjà, Ẹ̀rínmọ̀, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìta-Awúrẹ́, Aramọkọ, Ìgèdè, Ìyìn, ká bọ́ sí Adó. Bọ̀dá kan níbi iṣẹ́ mi wá ní ká má gba ibẹ̀ tààrà, pé ká yí gba Ẹ̀sà-Òkè àti Ìmẹ̀sí-Ilé níbi tí wọ́n ti jagun Kírìjì, ká tó wá já sí Ìta-Awúrẹ́. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ agbègbè yẹn, èwo ni ká gbà? Kẹ̀kẹ́ eré ni tiwa, táyà tín-ín-rín, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gun inú igbó.

ỌmọObòkun

Ẹ káàbọ̀ sílẹ̀ wa kẹ́ ẹ tó dé rárá. Ẹ gba Ìmẹ̀sí-Ilé. Òótọ́ ni pé ó gùn, ọjọ́ méjì kúkú lẹ ní, kí lẹ fẹ́ fi ìyókù ṣe?

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀. Òkè tó wà láàrin ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kì í ṣe òkè kan tó dá dúró bí àpáta Ìdànrè, ògiri ni, ògiri òkúta funfun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite, ó nà láti apá gúúsù lọ sí àríwá, ó gba Ẹ̀rìn, ó gba Ẹ̀fọ̀n, ó lọ títí dé Òkè-Ìmẹ̀sí. Òkúta yẹn le gan-an, òjò ò tètè rí i jẹ, ilẹ̀ tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lomi ti gbẹ́ lọ láti ayébáyé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti àfonífojì báyìí, ẹ ò ní rí i kó máa ga díẹ̀díẹ̀, á kàn dìde síwájú yín ni. Ẹni tó bá gba Ẹ̀fọ̀n máa gun ògiri yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹni tó bá gba Ìmẹ̀sí-Ilé máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á wọ àfonífojì á jáde, á tún wọ òmíràn, kó tó wá kọjá ẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí.

Ìgbà yẹn lẹ máa mọ ìdí tí ogun yẹn fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. 1877 ló bẹ̀rẹ̀, 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Ìbàdàn pàgọ́ sápá Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, pàgọ́ sápá Ìmẹ̀sí-Ilé, orí òkè kọjú sí orí òkè, àfonífojì wà láàrin. Ẹni tó bá fẹ́ kọlu ẹnì kejì ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tún wá gòkè lójú ìbọn. Ẹ wá fi kẹ̀kẹ́ gba irú ilẹ̀ yẹn láàárọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò gbébọn tẹ́ ẹ ò gbẹ́tù, kẹ́ ẹ wo bí èémí ṣe máa ń tán lẹ́nu èèyàn. Ogun tí Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kó wá, ogun tó ti jà káàkiri tó ń ṣẹ́gun ni, ibi òkè wọ̀nyí ló dúró sí, kò sì rí ibẹ̀ kọjá. Látòósà fúnra ẹ̀, inú àgọ́ ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1885.

Mo ti rí àwọn tó ka gbogbo ìtàn yìí nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ò lóye ẹ̀ àfìgbà tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Fún mi o, ọ̀nà Kírìjì ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó dáa jù ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

ÈkìtìKete_01

Ẹ̀gbọ́n @ỌmọObòkun mo júbà, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé "ó parí" nípa Ẹ̀fọ̀n báyẹn o. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni màmá mi. Ẹni tó bá gun òkè láti apá Ẹ̀rìn wá sí Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀ kùtù, tí kùrukùru ṣì bo àfonífojì tí orí òkè nìkan yọ lókè ẹ̀, tí òtútù ń mú un létí tí òógùn sì ń já lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, onítọ̀hún ò ní sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ló gùn ún ó sì parí.

Ìtàn náà wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ààfin Aláayè, Àgbọnbíófẹ́ ló gbẹ́ àwọn òpó ẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà káàkiri ayé. Mo rántí pé òpó kan wà nínú iṣẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ ajagun lórí ẹṣin, ẹ wo bó ṣe gbẹ́ ìjánu ẹṣin yẹn, ẹ wo bí ojú ajagun yẹn ṣe yọ jáde, ẹ ó rí i pé ẹni tó ṣe é ò kánjú. Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá náà, Ẹ̀fọ̀n ni ibojì wọn wà, Ẹdẹ ni wọ́n kú sí lọ́dún 1959 tí wọ́n gbé wọn wá síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè ẹ máa bá èrò, bọ́ọ̀sì lóríṣiríṣi, kẹ́ ẹ fọkàn sí ẹsẹ̀ títì.

Odò tẹ́ ẹ sì ń wá, ṣé ẹ mọ̀ pé Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣàn wá? Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń lọ bọ l'Óṣogbo, tí UNESCO kọ orúkọ igbó ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005, ọ̀dọ̀ wa lórísun ẹ̀ wà, ọ̀nà yín ni, ẹ ò ní yà jìnnà. Èèyàn ò gbọdọ̀ fi kẹ̀kẹ́ kọjá ibẹ̀ fìrì kó máa lọ sí Adó lọ jẹ iyán.

ỌmọObòkun

Àbúrò, mo gbà. Mo gba ti orísun Ọ̀ṣun pátápátá. Ẹ̀fọ̀n náà, mi ò ní kí wọ́n má débẹ̀, ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí wọ́n má fi ṣe gbogbo ohun tí wọ́n máa rí.

JíàKékeré

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò mọ ìtàn tó yín, kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe n'Íbàdàn, jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí torí mo ń wo àwọn èèyàn tó ń gbé kẹ̀kẹ́ eré lọ sí òkè Èkìtì pẹ̀lú jíà tí wọ́n fi ń sáré ní Lẹ́kí, oríkèé wọn ló ń jìyà ẹ̀.

@AyọOríKẹ̀kẹ́ ẹ wo jíà iwájú kẹ̀kẹ́ yín. Tí kékeré ẹ̀ bá jẹ́ eyín 39, ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀ sí 34, kí jíà ẹ̀yìn tó tóbi jù sì jẹ́ 32 tàbí 34. Lórí òkè tó bá ga, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe kéèyàn dìde dúró lórí pẹ́dàlì kó máa fi ara tẹ̀ ẹ́ látìsàlẹ̀ dókè. Táyà, ẹ má lo èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 23 lọ síbẹ̀, ẹ lo 28, tí fírémù yín bá gbà á ẹ lo 32, kẹ́ ẹ dín afẹ́fẹ́ ẹ̀ kù díẹ̀, torí títì tó bá ní kòtò tó sì ní òkúta wẹ́wẹ́, táyà tó le bí igi ló máa ń yọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń pa èèyàn kì í ṣe gígòkè o, sísọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹni tí bíréékì ẹ̀ bá ń mú rímù, tí rímù yẹn bá tún jẹ́ kábọ̀n, kó má fọwọ́ mú bíréékì látòkè délẹ̀ láìtú u sílẹ̀, rímù máa gbóná, túùbù á bẹ́, rímù fúnra ẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ mú un, ẹ tú u, ẹ mú un, ẹ tú u, ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́. Kẹ́ ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà, kì í ṣe inú kọ́nà. Bíréékì páàdì tuntun ni kí gbogbo yín gbé dání, kẹ́ ẹ sì gbé wáyà jíà kan lọ́wọ́, torí fọ́kánáísà pọ̀ lọ́nà yẹn tó lè bá yín lẹ túùbù ọ̀kadà, èmi ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rí wáyà kẹ̀kẹ́ eré rà.

Wálé_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ka gbogbo ẹ̀ láti òkè òkun níbí, orí mi wú. Àgbègbè Yorkshire ni mò ń gbé, ibi tí ìdíje Tour de France ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, àwọn èèyàn ìhín ti ya àmì sí gbogbo òkè tí wọ́n gbà kọjá, gbogbo àfonífojì ló lórúkọ, gbogbo ilé ìjọsìn tó ti wó ló ní pátákó tó ń sọ ẹni tó kọ́ ọ àti ẹni tó wó o. Èèyàn á gun kẹ̀kẹ́ dé òkè, á dúró, á kà á, á máa lọ. Ó máa ń dùn mí pé àwa náà ní tiwa tí ò sí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ wá a.

Mò ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá, kẹ̀kẹ́ ń bá mi bọ̀. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ọyẹ́ ò ní dí wa lọ́wọ́? Àti pé ṣé èèyàn lè fi Ìkọ́gòsì kún un, ibi omi gbígbóná, torí àwọn ọmọ mi fẹ́ rí i.

ÈkìtìKete_01

Bọ̀dá Wálé, ẹ kú ilé o, àlejò tó ń padà bọ̀ wálé kì í ṣe àlejò. Ìkọ́gòsì ò jìnnà sí Aramọkọ, ẹ máa yà lọ sápá Erinjiyàn ni. Omi gbígbóná àti omi tútù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti sun jáde, wọ́n á wá pàdé tí wọ́n á jọ máa ṣàn lọ, ẹ lè ti ẹsẹ̀ kan bọ èyí kẹ́ ẹ ti èkejì bọ tọ̀hún. Lẹ́yìn òkè, fún ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ ń ro, ẹ ò lè rí ibi tó dáa jù ú lọ. Àwọn ọmọ lè bá mọ́tò lọ síbẹ̀ kí wọ́n máa dúró dè yín. Ìpólé-Ìlórò tó wà nítòsí ibẹ̀ náà ní omi tó ń já látòkè, Àríńta lorúkọ ẹ̀.

Ní ti ọyẹ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ fi nǹkan bo imú, kẹ́ ẹ fi ìpara pa ètè, kẹ́ ẹ má sì retí pé ẹ máa rí ọ̀nà jíjìn látorí òkè torí eruku ń bo gbogbo ẹ̀. Oṣù kọkànlá tí @AyọOríKẹ̀kẹ́ mú yẹn ló dáa jù, òjò ti ń lọ, ọyẹ́ ò tíì dé, ewéko ṣì tutù.

ÌyáṢùmbọ̀_Rídà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ti obìnrin, torí ẹ̀yin ọkùnrin lẹ ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀.

Èmi àti àwọn obìnrin tá a jọ ń gùn, a ti gba apá ibẹ̀ yẹn dáadáa. Àkọ́kọ́, ní oṣù kọkànlá ẹ máa bá kòkó lójú títì. Mo ní lójú títì, àwọn àgbẹ̀ ń sá kòkó sórí ọ̀dà torí ọ̀dà máa ń gbóná kòkó á sì tètè gbẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ gba apá kan títì, wọ́n á to òkúta sí etí ẹ̀ kí mọ́tò má bàa gùn ún. Òórùn ẹ̀ á ti bá yín kẹ́ ẹ tó rí i, ó kan díẹ̀ ó sì dùn díẹ̀, bí ọtí. Lẹ́yìn kọ́nà tẹ́ ẹ ò ti lè rí iwájú, òkúta yẹn lewu gan-an fún táyà tín-ín-rín. Ẹ má ṣe gun kòkó olóko o. Iṣẹ́ ọdún kan ló wà nílẹ̀ yẹn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ tí ọ̀nà ò bá gbà yín, ẹ kí wọn pé ẹ kú oko, ẹ máa rí bí wọ́n á ṣe fún yín lómi, ìgbà mìíràn wọ́n á la kòkó tútù fún yín lá.

Èkejì, ìkíni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra tẹ́ ẹ dé akoto tẹ́ ẹ fi gíláàsì dúdú bo ojú, bẹ́ ẹ bá wọ ìlú kékeré láìkí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ló máa bà wọ́n. Ẹ yọ gíláàsì. "Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ kú ìjókòó o" ti tó. Lọ́dún tó kọjá, arákùnrin kan tó bá wa gùn gba ẹnu ọ̀nà ààfin kan kọjá pẹ̀lú rédíò tó ń pariwo lára kẹ̀kẹ́ ẹ̀, àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ dìde. Inú bí mi. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbà sáré ni ilé oníle.

Ẹ̀kẹta, ààbò. Mi ò ní pa á mọ́ fún yín, ọ̀nà inú igbó ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ má gbéra kílẹ̀ tó mọ́, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá yín lọ́nà, ẹ má dá rìn, kí mọ́tò kan máa tẹ̀ lé yín. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ìlú kan ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà páàkì ibẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹ sì jẹ́ káwọn Àmọ̀tẹ́kùn mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Tí wọ́n bá ní ẹ má gba ibì kan, ẹ má gbà á. Òkè yẹn ò ní sá lọ.

BàbáTíránsípọ́ọ̀tù

Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń wá kiri? Ẹ gba títì Àkúrẹ́, ẹ gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Ìkéjì-Àràkejì, Ọ̀wẹnà, Ìgbàrà-Òkè, kẹ́ ẹ já sí Àkúrẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ sí Adó. Títì gidi nìyẹn, ó fẹ̀, ẹ ò sì ní ṣìnà.

ỌmọObòkun

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú àníyàn wa. Àmọ́ tírélà ló ni títì yẹn, bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ̀yin lẹ wa mọ́tò. Eré tí wọ́n ń sá níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tírélà nìkan lè gbé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sígbó. Ohun tó wà lọ́nà náà tó wù mí ni Ìkéjì-Àràkejì. Àpọ́sítélì Babalọlá tí àbúrò mi sọ lẹ́ẹ̀kan, títì yẹn gan-an ni wọ́n ń bá ìjọba ṣe lọ́dún 1928, àwọn ló ń wa róólà tó ń tẹ ọ̀nà, róólà yẹn dúró kò lọ mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ohùn tó pè wọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ ń tẹ ọ̀nà wa kó tó di ẹni tó ń wàásù. Ẹni tó bá ń fi táyà tẹ títì yẹn yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi mọ́tò lọ wò ó.

AyọOríKẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ gan-an, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìdáhùn máa pọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ n béèrè díẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n @ỌmọObòkun ẹ bá mi to ọ̀nà náà bẹ́ ẹ ṣe máa gùn ún tó bá jẹ́ ẹ̀yin, láti Sátidé dé Sọ́ńdè. Ìkejì, ẹnì kan nínú wa ní ọdún 1893 ni ogun Kírìjì parí, kì í ṣe 1886, wọ́n ti fẹ́ẹ̀ bá ara wọn jà lórí WhatsApp. Ìkẹta, ẹlòmíràn nínú wa ní ṣé ká kúkú sún un sí 23 oṣù kẹsàn-án tó bá ọjọ́ àlàáfíà yẹn mu, kí ìrìn àjò náà lè nítumọ̀.

ỌmọObòkun

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ogun. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, kí wọ́n má jà. 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run bíi Samuel Johnson wà lára àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin àgọ́ méjèèjì kó lè ṣeé ṣe. Ìwé yẹn dá òmìnira àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù nílẹ̀, Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì ń fa á l'Ọ́fà, ọdún 1893 ni wọ́n tó tú àgọ́ pátápátá tí oníkálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ogun ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ sì máa rántí ohun tó dá a sílẹ̀: àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sórí àwọn ìlú wọ̀nyí ló ni wọ́n lára, Fábùnmi ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ló kọ́kọ́ fi idà dá ajẹ́lẹ̀ ìlú ẹ̀ lóhùn, tí gbogbo Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi para pọ̀, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ògèdèǹgbé wá ṣolórí ogun. Àwọn ọmọ wọn tó ń ṣòwò l'Ékòó ló ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìbọn yẹn pẹ̀lú òkè yẹn, àwọn méjèèjì ló jẹ́ kó di pé Ìbàdàn ò rí ọ̀nà gbà.

Ní ti oṣù kẹsàn-án, òjò. Òjò oṣù kẹsàn-án lórí òkè wa kì í ṣe òjò eré, omi máa ń kó iyẹ̀pẹ̀ àti ewé wá sójú kọ́nà, ẹ ò ní lè sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ fi sí oṣù kọkànlá yín.

Ó wá ku ọ̀nà. Sátidé, ẹ kúrò n'Íléṣà ní kété tílẹ̀ bá mọ́, ẹ gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ibẹ̀ ò le, ẹ fi gbé ara gbóná, ilẹ̀ kàn ń ga ó ń rẹlẹ̀, oko kòkó lọ́tùn-ún lósì. Ẹ gba Ẹ̀sà-Òkè. Láti apá ibẹ̀ lọ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkè lápá ọ̀tún yín, òkè gidi. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ nǹkan, ẹ má dúró dìgbà tí ebi bá pa yín. Lẹ́yìn náà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ààfin lọ kí kábíyèsí tàbí ẹni tó bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá, ẹ ní kí wọ́n fún yín lẹ́ni tó máa mú yín lọ síbi tí wọ́n ti jagun, ẹ má dá a wá kiri. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ ti lè rí òkè apá Ìgbájọ lódìkejì. Kò sí nǹkan ńlá tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀, igbó ni, òkúta ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ibi méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó, wọ́n lè gbọ́ ìlù ara wọn, wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń bímọ nínú àgọ́, wọ́n ń dáko, wọ́n ń tajà. Àgọ́ yẹn ti dìlú. Inú mi kì í dùn tí mo bá débẹ̀ tí mi ò rí pátákó kan ṣoṣo tó sọ ọ́ dáadáa fún ọmọdé tó ń kọjá, Bọ̀dá Wálé ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Kẹ́ ẹ wá kọjá sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi. Gbogbo jíà tí @JíàKékeré ní kẹ́ ẹ gbé dání, ibẹ̀ lẹ ti máa lò ó. Ẹ sùn sí Òkè-Ìmẹ̀sí tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú dé Ẹ̀fọ̀n tó bá ṣì kù fún yín lẹ́sẹ̀.

Sọ́ńdè, àwọn tó bá wù lè kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ wo omi Olúmirìn, ìpele méje ló fi ń já wálẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ ti tó fún ẹni tó ṣì fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ padà. Mo ní padà, torí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ̀ lẹ máa tún gùn. Àwọn tó bá rẹ̀, kí wọ́n dúró l'Ẹ́fọ̀n kí wọ́n lọ wo òpó ààfin. Kẹ́ ẹ wá pàdé, Ìta-Awúrẹ́, Aramọkọ, Ìgèdè, kẹ́ ẹ yà síbi orísun Ọ̀ṣun. Láti ibẹ̀ sí Adó ò lè dà yín láàmú mọ́.

JíàKékeré

Sísọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n lọ sí Ẹ̀rìn yẹn ni mo ń sọ o. Mú un, tú u. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàrin yín, kí ẹnì kan má lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹnì kan. Mọ́tò máa ń gba apá tiwa nínú kọ́nà, ẹ má ge kọ́nà rárá.

Wálé_Leeds

Mo ti kọ gbogbo ohun tí @ỌmọObòkun tò yìí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá parí ìrìn àjò yín ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi fáìlì GPX ẹ̀, èyí tó ń fi ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà hàn, síbí, kí n lè fi sínú ẹ̀rọ orí kẹ̀kẹ́ mi lóṣù Kejìlá. Ní ti pátákó yẹn, ẹ̀gbọ́n, mo ṣetán láti dá owó. Ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ ààfin Ìmẹ̀sí-Ilé àti ti Ìgbájọ bóyá wọ́n máa gbà kí a rì í mọ́lẹ̀, ọ̀kan sápá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fúnra wọn sọ ohun tó máa wà lára ẹ̀, ní Yorùbá.

ÌyáṢùmbọ̀_Rídà

Èmi náà á dá sí i. Kí àwọn méjèèjì ló kọ ọ́ o, kì í ṣe apá kan. Àwọn tó kú ní Ìgbájọ náà lọ́mọ.

ỌmọObòkun

Mo gbọ́. Mo mọ ẹnì kan tó lè mú mi dé ààfin méjèèjì, mo máa lọ kí ọdún tó parí, mo máa kọ èsì síbí.

AyọOríKẹ̀kẹ́

Ó ti yé wa, ọ̀nà Kírìjì la gbà, a sì máa sùn l'Ókè-Ìmẹ̀sí. A ti rí ẹni tó máa fi mọ́tò tẹ̀ lé wa. @JíàKékeré mò ń gbé kẹ̀kẹ́ méjì bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, 39 ló wà níwájú àwọn méjèèjì, ẹ bá wa wá 34. Àwa ọmọ Ìbàdàn tó ń bọ̀ yìí, Ìgbájọ náà wù wá dé torí ibẹ̀ ni àwọn bàbá tiwa pàgọ́ sí. @ÈkìtìKete_01 ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ibi tí èèyàn ti lè rí yàrá tó mọ́ tónítóní l'Ókè-Ìmẹ̀sí tí wọ́n á gbà ká gbé kẹ̀kẹ́ wọlé?

ÈkìtìKete_01

Mo ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀. Wọ́n á gbà yín, kẹ̀kẹ́ á sùn nínú pálọ̀. Ẹ kàn sọ iye yín fún mi nínú ínbọ́ọ̀sì kí wọ́n lè mọ iye iṣu tí wọ́n máa sè.